Abọ́ Ìyá Badru àti Tíì Jemimah

Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko ni Tíṣà Tẹjúmọ́lá àti Ìyá Badru fi jẹun ìrọ̀lẹ́ nínú abọ́ kan náà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, n kò fi iyọ̀ sí i. Tíṣà ló ni odó, Ìyá Badru ló ni ọmọ odó méjèèjì. Bí aago mẹ́fà bá ti ń lọ lù, àwọn obìnrin méjì yìí á dúró lẹ́yìnkùlé Tíṣà, ọ̀kan á gbé ọmọ odó sókè bí èkejì bá ti ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀, gbì, gbì, gbì, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Tíṣà ń lọ, ilé ìwé míṣọ́n ló sì ti kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mùsùlùmí ni Ìyá Badru, Àgbékẹ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an, irú ló ń tà ní ọjà Odò-Orì. Ògiri kúkúrú kan ló wà láàrin ilé wọn. Ọkọ àwọn méjèèjì ti kú, ọmọ wọn ti tú ká. Ìyá Badru kì í kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn Tíṣà o, ó kàn máa ń tì í wọlé ni.

Ohun tó wá da gbogbo èyí rú kò ju ewé gbígbẹ inú páálí lọ.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni Tíṣà lọ sí kílíníkì kan nítorí pé ó ń tọ̀ jù, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ lọ́nà tí kò yé e. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Pẹ̀lúmi, gún un níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó fún un ní oògùn tí á máa lò láràárọ̀. Ó ní kí màmá dín òkèlè kù, kí wọ́n má ṣe lo oògùn náà láìjẹun, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Tíṣà gbọ́ oògùn, ó gbọ́ òkèlè. Èyí tó kù kò wọ̀ ọ́ létí rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti fò lọ sí Kuta, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ní in, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kú. Ẹ̀rù bà á, ó bà á gan-an ni.

Jemimah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Kánádà, ló pè. Jemimah sunkún díẹ̀ lórí fóònù, ó nu ojú, ó sì gbé òfin kalẹ̀. Kò sí iyán mọ́, kò sí ẹ̀bà, kò sí àmàlà, kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì. Ẹyin ni, ẹja ni, ẹ̀fọ́ ni, kábéèjì ni. Ó ní àwọn tó ń jẹ báyìí lọ́dọ̀ àwọn, ara wọn ń fúyẹ́ bí ìyẹ́, ṣúgà wọn sì ń wálẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹnìkan tó ń bọ̀ láti Kánádà gbé páálí grín tíì mẹ́fà dé. Ife mẹ́ta lóòjọ́, Jemimah wí, èyí àkọ́kọ́ kí ohunkóhun tó kan ẹnu, nítorí pé ó ń yọ́ ọ̀rá, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ tètè dà nínú. Òfin kejì ló le jù.

"Màmá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yin náà mọ bí Ìwó ṣe rí."

Ọdún mọ́kànlá ni Jemimah ti kúrò ní Ìwó. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, èmi ò lè bá a jà. Tíṣà pàápàá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ẹsẹ̀ òun bí òun bá ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, Ìyá Badru ti ìlẹ̀kùn wọlé, ó ti na ọwọ́ sí ọmọ odó. Tíṣà ní inú òun kún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, irọ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun ń gbààwẹ̀. Tíṣà tó fi pàṣán kọ́ ọmọ Ìwó pé irọ́ kò dára! Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Ìyá Badru máa rí nínú ààwẹ̀? Ó ní kí Ọlọ́run gbà á, ó padà sílé rẹ̀. Bí oòrùn ṣe wọ̀, ó ro ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ ilá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e wá nínú abọ́ tánganran rẹ̀ kí Tíṣà fi ṣínu.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ abọ́ yìí. Abọ́ ìgbéyàwó Ìyá Badru ni, òdòdó pupa yí etí rẹ̀ ká, ibi kan ti bó lára ìdí rẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ, o kì í dá abọ́ padà lófìfo. Wàá wá nǹkan fi sí i, ìbáà ṣe ọsàn mẹ́ta, ìbáà ṣe iyọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, abọ́ kan kò kọjá ògiri yẹn lófìfo rí. Tíṣà da ẹ̀bà náà fún adìẹ, omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń dà á. Ó fọ abọ́. Ó mú ọsàn, ó fẹ́ kó o sí i, ó wá dúró. Bí abọ́ yìí bá padà lónìí, ẹ̀bà á tún ti inú rẹ̀ wá lọ́la. Irọ́ wo ni òun á tún pa? Ló bá gbé abọ́ náà sórí pẹpẹ, ó ní ó di ìgbà díẹ̀.

Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá ṣíwọ́ bíbá ọ jẹun, tó tún wá gbẹ́sẹ̀ lé abọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: ó ń bẹ̀rù ọwọ́ rẹ, kí o má lọ fi nǹkan sí oúnjẹ òun. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn rò pé ọ̀rọ̀ òun àti Ìyá Badru ti kọjá ibẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá Badru fi mú un mọ́ra. Lọ́jọ́ kan ó wá, kò jókòó, ó di ẹnu ọ̀nà mú.

"Tíṣà, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o. Ara mi ni."

"Kí ló ṣe ara rẹ?"

Tíṣà fẹ́ sọ ọ́. Ó rántí Jemimah, ó rántí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan. Ìyá Badru yà sẹ́yìnkùlé, ó mú ọmọ odó rẹ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n fara ti ògiri sí láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbé wọn lé èjìká, ó lọ sílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé mọ́.

Ó wá ku Tíṣà àti tíì. Ká sọ òótọ́, tíì náà kọ́kọ́ bá a lára mu. Ó ń gùnfẹ̀, inú rẹ̀ fúyẹ́, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ti ń fún un tẹ́lẹ̀ wá rọra wọ̀ ọ́. Jemimah rí i lójú fóònù, ó yọ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ife òwúrọ̀ tó ń mu sínú òfìfo bẹ̀rẹ̀ sí í ru inú rẹ̀ sókè, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, àyà á máa ta á títí di ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ dì. Ẹ forí jì mí, kò sí bí mo ṣe lè fi ẹnu dídùn sọ ọ́: ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó yàgbẹ́. Ara rẹ̀ tó ti fi iyán àti ẹ̀wà rìn fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó ká a mọ́ ẹyin àti ẹja, kí ló fẹ́ kí ó ṣe? Ó sọ fún Jemimah, Jemimah ní ara wọn ṣì ń kọ́ ọ ni, kí wọ́n fi ife kan kún un. Ó fi méjì kún un.

Kò padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Oògùn tán, ó ra òmíràn ní ilé ìtajà oògùn, ó ń lò ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù fún un. Kì í ṣe iyán ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyán náà ń wá sí i lẹ́nu. Ọwọ́ kejì tó máa ń wà nínú abọ́ ni. Ìyá Badru máa ń fi ìka ti ẹja sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, òun náà á tì í padà, wọ́n á máa ti ẹja kan ṣoṣo kiri títí á fi fọ́ sínú ọbẹ̀. Báyìí, ó ń fi ṣíbí jẹ ẹyin nínú àwo kékeré, ó dojú kọ ògiri. Ó máa ń gbọ́ Ìyá Badru ní òdì kejì tó ń fi orógùn ha ìdí ìkòkò, ìró ìkòkò ẹnì kan. Bí ó bá húkọ́, Tíṣà á la ẹnu pé kí òun kí i pẹ̀lẹ́, ẹnu náà á sì padé. Ó di pé nígbà tí wọ́n bá pàdé lójú títì, wọ́n á kí ara wọn bí àwọn tó jọ wọ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ó dá wà. Kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè fún un.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Agẹmọ ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀, Tíṣà lo oògùn rẹ̀, ó fi tíì sìn ín. Inú rẹ̀ ti dì láti ọjọ́ Àìkú, nítorí náà kò fẹ́ fi oúnjẹ kankan kún un. Ọ̀sán pọ́n, kò jẹun. Bí ó ṣe ń di nǹkan bí aago méjì, òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rò pé tíì ló yẹ kí òun mu. Ó dìde láti gbé omi kaná, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè jókòó mọ́, ó na gbalaja sórí símẹ́ǹtì ilé ìdáná.

Kò dákú. Ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Ó gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń fọn fèrè lójú títì, ó gbọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sílé. Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì, ó dún títí, ó dákẹ́. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, kò lè pe orúkọ ẹnì kankan. Ó kọjú sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Láyé ìjelòó, ì bá kàn máa retí ìrọ̀lẹ́ ni, nítorí pé bó pẹ́ bó yá aago mẹ́fà á lù, Ìyá Badru á dé. Ó wá yé e níbi tó dùbúlẹ̀ sí pé aago mẹ́fà á lù lónìí, kò sì ní sí ẹni tó máa wá. Òun fúnra òun ló sì ṣe é. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, kò tilẹ̀ lágbára láti sun ún.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá Badru ló dúró síbẹ̀, ó wé gèlè, ojú rẹ̀ le koko, ọ̀kánkán ló ń wò, kò wo ilẹ̀.

"Abọ́ mi ni mo wá gbà," ó wí.

Ìgbà tí kò gbọ́ èsì ló wolẹ̀. Ó ju gèlè nù, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn Tíṣà, ó fọwọ́ nu òógùn iwájú rẹ̀. Kò pariwo, kò pe aládùúgbò. Ó béèrè ibi tí ṣúgà wà. Ó ṣí agolo kan, ó ṣí èkejì. Tíì ló wà nínú gbogbo wọn, kò sí horo ṣúgà kan nínú ilé náà. Ó sáré, ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, ó sáré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé rẹ̀, ó di ṣúgà sí ọwọ́ bọ̀. Abọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ lórí pẹpẹ ni abọ́ tánganran òun fúnra rẹ̀. Ó po omi ṣúgà nínú rẹ̀, ó gbé orí Tíṣà lé itan, ó ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là dáadáa, tó lè dìde jókòó.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Pẹ̀lúmi gún un níka, ó sì bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi "ẹ" bínú. Ó ní oògùn tí àwọn fún wọn ń lé ṣúgà wálẹ̀, bí ẹni tó ń lò ó kò bá wá jẹun, ibo ni wọ́n fẹ́ kí ó lé e dé? Òun ní kí wọ́n dín òkèlè kù, òun kò ní kí wọ́n lé e jáde nílé. Wọ́n lè jẹ iyán, bí ìkúùkù ọmọdé, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ jù ú lọ. Kí wọ́n máa jẹ ẹ̀wà, kí wọ́n máa mu omi, inú wọn á rọ̀. Tíṣà béèrè ọ̀rọ̀ tíì pẹ̀lú ìtìjú. Nọ́ọ̀sì ní tíì kò ṣe nǹkan, ife kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe oògùn. Inú òfìfo tí wọ́n ń mu ún sí ló ń bá wọn jà.

Wọ́n padà délé, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga ilé ìdáná.

"Mo rò pé ọwọ́ mi lò ń bẹ̀rù," Ìyá Badru wí.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ, Àgbékẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Ojú ló tì mí."

Ìyá Badru rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Àìsàn yìí kan náà ló pa ọkọ òun. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun fi tọ́jú rẹ̀, tí òun fi ń po omi ṣúgà fún un bó bá ti ń làágùn báyìí, tí òun sì ń sọ fún Tíṣà lójoojúmọ́ pé ibà ni. Ọkọ òun ló ní òun kò gbọ́dọ̀ sọ. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n jọ jẹun fún ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì sẹ́ni tó sọ òótọ́ ara fún èkejì.

Tíṣà ní ó dáa, ọ̀rọ̀ ti tán, kí ó gbé ọmọ odó wá lọ́la. Ìyá Badru ń fọwọ́ ra etí abọ́ níbi òdòdó pupa.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Badrudeen ń bọ̀ wá kó mi lọ sí Òṣogbo. Ẹrù ni mò ń dì, ìdí nìyẹn tí mo fi wá gba abọ́."

Ọdún méjì ni Badrudeen ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́: ta ni màá fi Tíṣà sílẹ̀ fún? Nínú oṣù Òkúdù, òun ló pe ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó ní kí ó máa bọ̀. Ó ti fa àtẹ irú rẹ̀ lọ́jà lé Sọ̀fíyàt ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ti fi ẹlòmíràn sí yàrá rẹ̀, onítọ̀hún ti kó bẹ́ẹ̀dì wọlé. Kò sí èyí tó ṣeé yí padà. Tíṣà fẹ́ sọ pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Àmọ́ ìyàwó Badrudeen ti bímọ, wọ́n ti ń retí ìyá ọkọ, ó sì mọ̀ pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Badru gbé ọmọ odó méjèèjì wá. Wọ́n gún iyán lẹ́yìnkùlé, gbì, gbì, gbì, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, àwọn aládùúgbò yọjú pé kí ló dé. Kókó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ wọn kò bá ara mu bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n bu ú sínú abọ́ tánganran, Ìyá Badru gé èyí tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí sí apá ọ̀dọ̀ Tíṣà. Ó ti ẹja sí i. Tíṣà tì í padà.

Nígbà tí Badrudeen ti di ẹrù sínú ọkọ̀ tán, tó ti dọ̀bálẹ̀ kí Tíṣà, tó sì ti jókòó sídìí ìdarí, Tíṣà gbé abọ́ náà jáde. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó kó ọsàn sí i, ó fi páálí tíì kan lé e lórí. Ìyá Badru ṣí fèrèsé. Ó kó ọsàn, ó mú tíì, ó dà wọ́n sórí itan rẹ̀. Ó wá na abọ́ náà padà jáde, lófìfo.

"Kò gbọ́dọ̀ padà lófìfo," ó wí. "Ìwọ fúnra rẹ ni o sì máa gbé e wá."

Ọkọ̀ lọ. Tíṣà dúró lójú títì títí àwọn ọlọ́kadà fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tó ń lọ.

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, ó ro ẹ̀bà tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ẹ̀fọ́ sì pọ̀ jù ú. Ó fọwọ́ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló po ife tíì kan, ó mu ún díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ kò ru, àyà kò ta á, oúnjẹ dà wẹ́rẹ́. Gbogbo ara ló gbà á bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ibòmíràn ló ń dùn ún. Ó wo ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò tì í pa. Ó wá dìde, ó gbé abọ́ tánganran náà kúrò lórí pẹpẹ, ó gbé e ka orí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ń ro ohun tí èèyàn máa ń rí gbé lọ sí Òṣogbo.